Kí Ìbọn Tó Dún: Ìpinnu Tí Àwọn Ọ̀gá Ti Ṣe Ṣáájú Ọlọ́pàá

Alága, ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun ìjà ìgbàlódé tí àwọn ológun ń rà, àti lórí agbára tí ọlọ́pàá ń lò lórí ará ìlú. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Ọ̀kan ṣoṣo ni lójú tèmi. Ohun tí ológun bá rà lónìí, àfàìmọ̀ kí ó má dé ọwọ́ ọlọ́pàá lọ́la. Ẹni tí kò bá sì béèrè nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń rà á, ìbéèrè rẹ̀ á ti pẹ́ jù lọ́jọ́ tó bá dún.

Bí ọlọ́pàá bá pa ènìyàn, ibi kan náà ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Ṣé ẹ̀rù ba ọlọ́pàá náà? Kí ló rí lọ́wọ́ afurasí? Ṣé ẹni náà ń sá lọ ni, àbí ó kọjú sí i? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lu ọ̀nà ìrònú yìí ní 1989, nínú ẹjọ́ Graham àti Connor. Graham ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ara rẹ̀ ń yí padà, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù kó lè ra omi ọsàn, ó rí i pé èrò pọ̀ lórí ìlà, ó sì sáré jáde. Connor, ọlọ́pàá tó rí i, fura sí i. Kí wọ́n tó mọ òótọ́, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ojú ọlọ́pàá tó wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ ni ká fi wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú ẹni tó ń rò ó lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ikú dojú kọ kò ní àyè àtirò. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan là ń wò, ojú wa kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an, ẹni tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, ẹni tó yan aago tó máa jáde àti ọ̀nà tó máa gbà.

Ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo ọlọ́pàá kọ́ sórí ni ti Gibraltar, ilẹ̀ kékeré tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bàá Spéènì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1988, àwọn ọmọ ogun àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní SAS yìnbọn pa mẹ́ta nínú ọmọ ẹgbẹ́ IRA, ẹgbẹ́ tó ń fi ohun ìjà bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí Northern Ireland, ní ìgboro. Ohun tí àwọn ọ̀gá ti sọ fún àwọn sọ́jà náà ni pé bọ́ǹbù wà nínú mọ́tò tí àwọn mẹ́ta náà gbé sílẹ̀, pé bọ́tìnì rẹ̀ wà lára wọn, pé bí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ó dájú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wò, kò sí ìbọn, kò sí bọ́tìnì. Nígbà tí wọ́n tú mọ́tò, kò sí bọ́ǹbù. Ìlú Marbella ní Spéènì ni wọ́n ti wá rí mọ́tò mìíràn tí ohun abúgbàmù wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó yé yín pé àwọn mẹ́ta yìí kò bá ti eré wá. Ìkọlù ni wọ́n ń gbèrò, mi ò sì wá gbèjà wọn níbí.

Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ẹjọ́ náà ní 1995. Ó ní àwọn sọ́jà tó yìnbọn kò jẹ̀bi, nítorí pé tọkàntọkàn ni wọ́n fi gba ohun tí wọ́n gbọ́ gbọ́. Ìjọba ló jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi nítorí pé wọn kò dá àwọn mẹ́ta náà dúró ní ẹnubodè nígbà tí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wọn kò fi àyè sílẹ̀ pé ìròyìn tí wọ́n ní lọ́wọ́ lè jẹ́ irọ́. Àti nítorí pé àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ jẹ́ àwọn tí wọ́n ti kọ́ pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, wọn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró títí ẹni náà á fi kú. Ẹ̀kọ́ ojú ogun ni ìyẹn. Ilé ẹjọ́ ní ìṣọ́ra tó yẹ kí agbófinró ìlú oníjọba tiwa-n-tiwa ní kò sí nínú rẹ̀. Adájọ́ 10 ló fara mọ́ ọn, 9 kò fara mọ́ ọn. Àwọn tí ìdájọ́ náà kò dùn mọ́ kì í yé rán wa létí àwọn 9 yẹn. Kí wọ́n máa rán wa létí. Ohun tí àwọn 10 sọ ni òfin.

Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Kọ́ńsítébù tó ní ìbọn lọ́wọ́ mọ ẹni tó lè fi oyè fún un àti ẹni tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá yẹn bá fẹ́ ló máa ṣe.

Ẹ wo Marikana ní South Africa, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 2012. Àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Ènìyàn 10 ti kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ọlọ́pàá 2 àti ẹ̀ṣọ́ 2 wà nínú wọn. Ọkàn àwọn ọlọ́pàá gbóná, ó sì yé mi. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pa ènìyàn 34. Gbogbo yín ti wo fídíò rẹ̀, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ibi tí kámẹ́rà oníròyìn kò sí ni kí ẹ rántí: 17 kú níbi tí ayé ti rí i, 17 tó kù kú láàárín àwọn àpáta tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Ian Farlam ṣe alága rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2015. Ẹ gbọ́ ohun tó hàn níbẹ̀. Ìpàdé àwọn ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ní alẹ́ tó ṣáájú, ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ọjọ́ kejì ni wọ́n máa parí ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ìbọn kankan tó dún, ọlọ́pàá ti ní kí wọ́n wá mọ́tò agbókùú 4 sílẹ̀. Mọ́tò agbókùú mẹ́rin! Ẹ̀rù ta ló ń ba ta ní aago yẹn? Ìbọn R5 ni wọ́n gbé lọ, ìbọn ogun gidi. Ọta rẹ̀ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ara ènìyàn, nítorí náà kò ṣeé ṣe láti mọ ìbọn ta ló pa ta. Ìgbìmọ̀ ní wọn kò gbọdọ̀ lò ó fún dídarí èrò mọ́. Ẹ fi kún un pé ọdún méjì ṣáájú, ní 2010, ni wọ́n dá oyè ológun padà sínú iṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, jẹ́nẹ́rà, bírígédíà, kọ́nẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní kí àwọn ọ̀daràn lè máa bẹ̀rù. Ti oṣù Kẹwàá 2020 nílẹ̀ wa, mi ò ní tún un sọ. Gbogbo wa la wà láyé nígbà yẹn.

Báwo ni ohun ìjà ogun ṣe ń dé àgọ́ ọlọ́pàá? Amẹ́ríkà ló ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ jù. Láti 1997 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní 1033 ti ń kó ohun tí ológun kò lò mọ́ fún àwọn ọlọ́pàá. Bí ogun Ìráàkì àti Afghanistan ṣe ń rọlẹ̀, ọkọ̀ ayẹta tí wọ́n kọ́ nítorí bọ́ǹbù ẹ̀bá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn ìlú kéékèèké tí bọ́ǹbù kò bú rí. Ìlú Ferguson, níbi tí ará ìlú ti fẹ̀hónú hàn ní 2014 nítorí ọ̀dọ́ kan tí ọlọ́pàá yìnbọn pa, ló mú kí gbogbo ayé rí i. Obama fòfin de apá kan rẹ̀ ní 2015, Trump tú u sílẹ̀ ní 2017. Àwọn tó fara mọ́ ètò náà ní ìwádìí lọ́wọ́: ìwádìí méjì jáde ní 2017 tó ní ìwà ọ̀daràn dín kù níbi tí ohun èlò ológun dé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí. Ohun tí wọn kì í sọ mọ́ ọn ni pé nígbà tí àwọn mìíràn tún àkọsílẹ̀ náà tú wò, wọ́n rí i pé kò péye, àǹfààní ọ̀hún kò sì hàn mọ́. Jonathan Mummolo, onímọ̀ nípa ìṣèlú, wo àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ Maryland, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: ọlọ́pàá tó múra bí ológun kò mú kí ìwà ipá dín kù, kò sì dáàbò bo ẹ̀mí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní mò ń sọ èyí nítorí pé mo kórìíra ọlọ́pàá, kó lọ ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò bá ológun jà. Ológun tí kò bá ra ohun tuntun, ọ̀tá á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ní Ukraine, dróònù kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ń ba tánkì olówó ńlá jẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ: ọ̀tá ń dí ìgbì rédíò tí awakọ̀ fi ń darí dróònù láti òkèèrè. Àwọn kan wá so okùn fáíbà tín-ín-rín mọ́ ọn, kó má bàa nílò rédíò. Àwọn mìíràn ṣe é kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dá rin ìwọ̀nba tó kù, kó sì dá kọ lu ohun tó rí. Wàhálà ojú ogun ló bí ìyẹn. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tó jókòó pinnu pé ó tọ́ kí ẹ̀rọ máa dá pa ènìyàn. Antonio Guterres, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí rẹ̀ kí 2026 tó parí. Bẹ́ẹ̀, ìṣòro náà kò dúró de ẹ̀rọ tó ń dá ronú. Ní Tudun Biri, ìpínlẹ̀ Kàdúná, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, dróònù ológun ju bọ́ǹbù sórí àwọn tó ń ṣe Máólúdì, ó lé ní 80 ènìyàn tó kú. Ológun ní àṣìṣe ni. Kámẹ́rà rí àwọn ènìyàn náà. Ènìyàn ló pinnu irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ibí ni ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ti na ọwọ́. Alága ní kí wọ́n dúró di ìparí, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní: “Olùkọ́, àwọn tí à ń kojú ń gbé ìbọn ogun. Ṣé kóńdó ni kí n gbé lọ bá wọn? Ẹ̀yin tí ọta kò fẹ́ létí rí lẹ ń ṣòfin fún wa.” Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mo pa ìwé mi dé, torí ìbéèrè yìí ju ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ.

Bàbá, ẹ ṣeun. Kóńdó kọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1997, adigunjalè méjì ja báńkì lólè ní North Hollywood, Los Angeles. Ẹ̀wù ayẹta bò wọ́n, ìbọn wọn ń yọ ọta léraléra. Ìbọn ìléwọ́ ọlọ́pàá kò ràn wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá kan ní láti sáré lọ gba ìbọn ńlá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Ẹni tó bá ní kí ọlọ́pàá máa dojú kọ irú wọn bẹ́ẹ̀, mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí ìbọn ńlá wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún wo Uvalde ní Texas, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2022. Agbófinró 376 ló dé ilé ẹ̀kọ́ tí agbébọn kan wọ̀ níbẹ̀. Ìbọn ogun wà, ẹ̀wù ayẹta wà, asà wà. Ìṣẹ́jú 77 kọjá kí wọ́n tó kojú ẹnì kan ṣoṣo tó wà nínú kíláàsì. Ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ló kú. Bàbá, kí ni wọn kò ní níbẹ̀? Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìbọn ńlá wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú ọlọ́pàá kì í gbé ìbọn. Ikọ̀ tí wọ́n kọ́ lọ́tọ̀ ló ń gbé e, bí wọ́n bá sì yìnbọn pa ènìyàn, àjọ tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá ló ń wádìí rẹ̀. Wọn kò pé. Wọ́n pa Jean Charles de Menezes nínú ọkọ̀ ojú irin ní London ní 2005, ọmọ Brazil tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní 2007, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lódindi ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, lábẹ́ òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rí i pé ètò tí wọ́n ṣe ni ẹjọ́ yẹn dá, gẹ́gẹ́ bí ti Gibraltar. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní Havana ní 1990 náà sọ ọ́: ọ̀gá tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, pé àwọn ọmọ abẹ́ òun ń lo agbára lọ́nà àìtọ́, tí kò sì dá wọn dúró, kò gbọdọ̀ mú un jẹ. Ìlànà kan náà ní kí ìjọba fún ọlọ́pàá ní asà, àkẹtẹ̀ irin àti ẹ̀wù ayẹta kí wọ́n má bàa nílò ìbọn. Ìyẹn gan-an ni ìgbàlódé tí mò ń fẹ́.

Alága ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ pé àkókò ti lọ, nítorí náà mo sáré. Kámẹ́rà àyà: wọ́n pín in fún àwọn ọlọ́pàá Washington kan, wọn kò fún àwọn kan, àbọ̀ 2017 kò sì rí ìyàtọ̀ gidi nínú agbára tí wọ́n lò. Ẹ máa rà á, ó wúlò fún ẹ̀rí, ẹ má kàn gbára lé e. Rọ́bọ́ọ̀tì: ní oṣù Keje 2016, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti pa ọlọ́pàá 5 ní Dallas, ọlọ́pàá fi rọ́bọ́ọ̀tì gbé bọ́ǹbù lọ pa á. Ní 2022, ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco fàyè gba irú rẹ̀, ará ìlú pariwo, wọ́n sì yí i padà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù kì í ba rọ́bọ́ọ̀tì. Ṣé kò wá ní sàn jù bẹ́ẹ̀?” Àbúrò mi, lóòótọ́ ni. Bí wọ́n bá lo rọ́bọ́ọ̀tì, kò sẹ́ni tó lè wá sí kọ́ọ̀tù kó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ìpinnu ọ̀gá nìkan ló kù. Ní Dallas, David Brown tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá jáde sọ pé òun fọwọ́ sí i, pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ òun á tún ṣe é. Mi ò fara mọ́ gbogbo ohun tó sọ, àmọ́ a mọ ẹni tí a máa bi léèrè. Ohun tí mò ń tọrọ ni pé kí orúkọ bẹ́ẹ̀ wà lórí ìwé kí ohun ìjà tó kúrò ní yàrá, kí ìgbìmọ̀ ìlú sì ti jíròrò rẹ̀ ní gbangba, lọ́jọ́ tí wọ́n ń bu owó rẹ̀.