Ẹ̀rọ Ló Pàṣẹ, Ilé Tẹ̀ Lé E: Ilé Iṣẹ́ Sílíìkì Ìlú Derby

Ẹ wo ilé yìí. Ìlú Derby ló wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí odò Derwent. Òkè tí ẹ ń wò yẹn lè tan yín jẹ: iná jó ilé àtijọ́ ní 1910, wọ́n tún un kọ́, ó ga bákan náà, àmọ́ àjà mẹ́ta ni wọ́n fi sí i dípò márùn-ún. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọn òkúta tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun lójú omi yẹn, tàtijọ́ ni. Orí wọn ni ẹnjiníà George Sorocold gbé ilé náà kà fún àwọn Lombe, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí odò fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1721.

John Lombe ti kọ́kọ́ lọ sí Ítálì lọ jí ọgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ́ òwú sílíìkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Thomas, ló gbàṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní 1718, pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ̀rọ ọ̀hún rí roboto, ó sì ga débi pé àjà kan ò gbà á. Ó gbéra nílẹ̀, ó lu àjà já, ó yọrí sókè. Báyìí ni àjà méjì ìsàlẹ̀ ṣe di ti ẹ̀rọ alọ́wú; mẹ́ta òkè ni wọ́n ti ń ká òwú.

Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo rẹ̀! Ìta ló wà, ìdábùú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23, omi ń tì í nísàlẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ gba ihò ara ògiri wọlé, ó pàdé ọ̀pá mìíràn tó dúró ṣánṣán, òun ló ń gbé agbára lọ sókè láti àjà dé àjà. Ilé náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 110, kò sì fẹ̀ ju bí 39 lọ. Fèrèsé tò lọ lára rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè rí òwú tínínrín.

Ẹ̀rọ ni wọ́n rò, wọn ò ro ti ènìyàn. William Hutton ò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1730. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó ẹ̀rọ, ni wọ́n bá so bàtà onígi gíga mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ní 1732, ilé aṣòfin kọ̀ láti sọ àṣẹ Thomas dọ̀tun. £14,000 ni wọ́n fi tù ú nínú. Àwọn ará Stockport àti Macclesfield náà wá kọ́ tiwọn. Nígbà tí Richard Arkwright sì fẹ́ kọ́ ilé ìrànwú sí Cromford ní 1771, alájà márùn-ún, gígùn, tóóró, tí omi ń yí, lòun náà kọ́.