Ẹ Má Gé Ìtọ̀ Mọ́ Ọmọ Nídìí

Asalaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakatuhu, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá gbogbo ọjọ́. Kí Ọlọ́hun gba ìrun wa.

Ẹ̀yin òbí ìbejì ni mo ní lọ́kàn lónìí, pàápàá ẹ̀yin bàbá. Ìbejì wà nílé tèmi náà, Táíwò ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin, wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì. Ẹni tí kò bá tọ́ méjì pọ̀ rí á rò pé wàhálà ọmọ kan náà ni, tí a kàn ṣe é ní ìlọ́po méjì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ kan bá sùn, ìyá rẹ̀ á rí oorun jí. Tí wọ́n bá di méjì, ibi tí ọ̀kan ti ń sùn lọ ni èkejì ti ń lajú. Lóru ọjọ́ Ajé tó kọjá, nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ Kẹ́hìndé sílẹ̀. Ó ń fa ọwọ́ yọ lábẹ́ ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹyin lábẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Bí ọwọ́ náà ṣe bọ́ tán ni Táíwò figbe ta, Kẹ́hìndé sì gbè é. Obìnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ lé itan, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Mo gbé Táíwò kọ́ èjìká, mo ń bá a rìn ká pálọ̀. Ìgbà tí mo máa rí i tẹ́ sílẹ̀, ládàánì ti ń pe ìrun Àsùbáà.

Nínú rírìn yẹn, aaya 14 nínú Suratu Luqman ló ń dún lọ́kàn mi, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ nípa ìyá ọmọ pé ó gbé e sínú pẹ̀lú àìlera lórí àìlera, àti pé ọdún méjì ni wọ́n fi ń gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo mà ni Ọlọ́hun ń sọ níbẹ̀ o! Kí la wá fẹ́ pe ti ìyá ìbejì?

Àwọn kan nínú wa á ní iṣẹ́ obìnrin ni. Wọ́n bi ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, pé kí ni Ànábì, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, máa ń ṣe tó bá wà nílé. Ó ní iṣẹ́ ilé ló máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe, tí ìrun bá tó, á jáde lọ kírun. Bùkárì, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Ànábì yìí kan náà gbé Umaamah, ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí, dání nínú ìrun. Bó bá fẹ́ forí kanlẹ̀ á gbé e sílẹ̀, bó bá dìde á tún gbé e. Èwo nínú wa ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ?

Ẹ tún wo ti Fátímà, ọmọ Ànábì. Ọlọ lílọ̀ ti bá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ó lọ bá bàbá rẹ̀ pé kó fún òun ní ọmọ-ọ̀dọ̀. Kò bá a nílé. Lóru, tí òun àti Àlí ọkọ rẹ̀ ti sùn sílẹ̀, Ànábì wọlé tọ̀ wọ́n wá, ó jókòó sáàárín wọn. Àlí ní òun mọ ìtutù ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àyà òun. Ànábì ní kí wọ́n máa wí Subhanallah ní ìgbà 33, Alhamdulillah ní 33, Allahu Akbar ní 34 tí wọ́n bá fẹ́ sùn, pé ó sàn fún wọn ju ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọkọ mìíràn á fi èyí kẹ́wọ́, á ní kí ìyàwó máa ṣe tásíbíhù lọ, kò nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọkọ àti ìyàwó ni Ànábì kọ́ ní gbólóhùn yẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ẹ jọ wí i, kí ẹ sì jọ dìde.

Ọ̀rọ̀ póò ló kàn, ibẹ̀ ló dùn mí jù. Nígbà tí a bọ́ pampers lára wọn, Kẹ́hìndé tètè mọ póò rẹ̀. Táíwò kò mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ti tẹ́ ẹní ìkírun sílẹ̀ fún Ìṣáì, ọmọ náà dúró lé e lórí, ó sì ń tọ̀. Mo jágbe mọ́ ọn. Ìtọ̀ náà gé lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, bí ìtọ̀ bá ti ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ń sá lọ, á há ẹsẹ̀ pọ̀ títí á fi dà sí i lára. Ìgbẹ́ pàápàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mọ́ inú, ó wá le koko, ẹkún ló fi ń ṣu ú. Èmi ni mo fà á.

Nílé kéú ni mo ti gbọ́ hádíìsì Lárúbáwá oko tó wọ mọ́ṣáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà, tó dúró sí kọ̀rọ̀ tó ń tọ̀. Àwọn sáhábà jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má gé ìtọ̀ mọ́ ọn nídìí. Wọ́n jẹ́ kó tọ̀ ọ́ tán. Ó ní kí wọ́n da garawa omi kan lé e. Lẹ́yìn náà ló wá pe ọkùnrin náà, ó fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé mọ́ṣáláṣí kò wà fún irú èyí. Kó tọ̀ tán, omi, ká tó wá sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà nìyẹn o, mọ́ṣáláṣí Ànábì sì ni. Mo ti fi hádíìsì yìí wáàsí fún àwọn ẹlòmíràn rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn lórí ẹní tèmi. Wọ́n ti gbé gègé kúrò lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà. Kò sí ẹni tó kọ ìtọ̀ Táíwò sílẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀. Orí èmi tí mo jágbe ni gègé wà.

Mo tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo sì bẹ ọmọ náà. Ní báyìí, bó bá ti jí, bó bá jẹun tán, bó bá fẹ́ sùn, èmi fúnra mi ni mò ń gbé e lé póò, màá lóṣòó tì í, a ó jọ wí bísímílà. Òun ló ń gbé kẹ́tùlù àlùwàlá wá, tí màá fi ọwọ́ òsì ṣàn án nídìí. Bó bá dà á sílẹ̀, omi la ó dà lé e. Ọjọ́ mìíràn wà tó ń bọ́ sí i, ọjọ́ mìíràn wà tí kò bọ́ sí i.

Ẹ má sì máa sọ fún ọmọ tí kò tètè mọ póò pé "ṣé o ò rí Kẹ́hìndé ni?" Ànábì ní kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí a ṣe déédé láàárín àwọn ọmọ wa. Ẹ̀bùn ló fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyìn náà ẹ̀bùn ni, ọmọ sì mọ ìgbà tí wọ́n fún èkejì tí wọn kò fún òun.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé "ìtọ̀ wà lára mi, màá kírun tí wọ́n bá dàgbà", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti ń jẹun, ìtọ̀ rẹ̀ di fífọ̀ kúrò lára aṣọ ká tó kírun, òótọ́ ni. Ẹ ya ìró kan sọ́tọ̀ fún ìrun, kó wà níbi tí ọwọ́ wọn kò ti ní tó o. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú tó sì ń ṣọ́ra, ojú àánú wà fún un lórí èyí tó bá ta sí i láìmọ̀ọ́mọ̀ nínú ọ̀nà Màlíkì tí àwọn àáfà wa ń tọ̀.

Ẹni tó bá sì ní kí ẹ gbé ìbejì lọ jó lọ́jà torí pé òrìṣà ni wọ́n, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ má lọ. Ọlọ́hun ló dá wọn. Ìṣọ́ tó tọ́ sí wọn, Ànábì ti kọ́ wa; òun ló fi ń ṣọ́ Hassan àti Hussein, àwọn ọmọ Fátímà, ó ní Ibrahim náà fi ṣọ́ Ismail àti Ishaq: "U'iidhukumaa bi kalimaatillahit-taammah, min kulli shaytaanin wa haammah, wa min kulli 'aynin laammah." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo fi àwọn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó pé ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì kúrò lọ́wọ́ gbogbo èṣù àti ẹranko olóró, àti kúrò lọ́wọ́ gbogbo ojú burúkú. Ẹ gbọ́ "kumaa" yẹn. Èdè Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹni méjì gan-an ló ń bá wí, ẹni méjì sì ni Ànábì fi í bá wí. Lálaalẹ́ ni mò ń kà á, ọwọ́ kan lórí Táíwò, ọwọ́ kan lórí Kẹ́hìndé.

Bí ẹ bá kírun Jímọ̀ tán lónìí, ẹ má yà síbì kankan. Ẹ lọ gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá wọn, kó wọ yàrá lọ, kó sì sùn títí di Alásárì.