Ìgbà Mélòó Lẹ Ti Gbọ́ Ọ? Ọ̀rọ̀ lórí Àgbà àti Orin Tuntun

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo kí gbogbo yín. Kókó ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ohun tó ń mú kí àgbà jìnnà sí orin tuntun kì í ṣe pé orin ti bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé ọpọlọ àgbà ti gbó. Àgbà kì í sábà gbọ́ orin tuntun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó dá a lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni orin tó fẹ́ràn láti ìgbà èwe, ó ti gbọ́ ọ débi pé kò lè ka iye ìgbà náà mọ́. Ibikíbi tí mo bá yà sí lónìí, ẹ mọ̀ pé mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá àwọn tó ń sọ pé orin òde òní kò ní láárí lóhùn. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ti pẹ́ ju àwọn fúnra wọn lọ. Ní ọdún 1600, Giovanni Artusi, ọmọ Ítálì, tẹ ìwé jáde láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu irú orin tuntun tí Claudio Monteverdi ń kọ, ó ní ó ń rúfin orin, kò sì bá etí mu. Lónìí, àwọn tó fẹ́ràn orin àtijọ́ gan-an ló ń lọ jókòó gbọ́ Monteverdi, ẹjọ́ tí Artusi rò yẹn ló sì jẹ́ ká ṣì máa dárúkọ òun náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1913, wọ́n gbé orin ijó tuntun kan tí Igor Stravinsky kọ jáde ní Paris, ariwo àwọn òǹwòran sì pọ̀ débi pé àwọn oníjó kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orin tí wọ́n ń jó sí mọ́. Nígbà tí wọ́n tún lo orin náà ní ìlú yẹn kan náà ní 1914, tí kò sí ijó níbẹ̀, èjìká ni wọ́n gbé Stravinsky sí. Mo gbà pé ijó náà wà lára ohun tó bí àwọn èèyàn nínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, orin kan náà ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí ìlú náà fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀sùn pé ẹ̀rọ ló ń kọrin báyìí, tí kì í ṣe èèyàn, òun náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbohùngbohùn tó ń lo iná mànàmáná wọ ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní 1925, olórin kò ní láti lọgun mọ́. Ó lè máa rọra kọrin bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí olólùfẹ́ rẹ̀ létí. Ní 1932, Kádínà William O'Connell ti Boston dìde sí irú orin bẹ́ẹ̀, ó ní ìwà ìbàjẹ́ ni. Orin àwọn olóhùn jẹ́jẹ́ wọ̀nyẹn ni àgbà wá ń tọ́ka sí lónìí pé ohùn èèyàn gidi nìyẹn. Ní 1997, Auto-Tune jáde, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn olórin ṣe. Ẹni tó ṣe é, Andy Hildebrand, ti fi ìró ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú wíwá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀. Ọdún kejì ni orin kan tí Cher kọ gbé ohùn tí wọ́n fi ẹ̀rọ yìí yí dé gbogbo ayé. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti ń sún mọ́ àádọ́ta báyìí, ohùn tó dà bí irin létí bàbá wọn sì ti di ohùn ìgbà èwe tiwọn.

N kò sọ pé gbogbo orin tuntun ló dára. Ọ̀pọ̀ nínú orin kò dára ní ìgbàkígbà, àwọn tí kò dára ní ayé àtijọ́ ni a ti gbàgbé. Ohun tí mò ń bá àwọn kan jà lé lórí, àwọn tó ń kọ̀wé lọ́dọọdún pé orin ti kú, ni pé wọn kì í sọ fún wa orin mélòó ni wọ́n gbọ́ lọ́dún náà, àti iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Kí wọ́n kọ́kọ́ dé oko náà ná.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń múra láti fi ìwádìí Morris Holbrook àti Robert Schindler ta kò mí, èyí tó jáde ní 1989. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n: wọ́n fi orin láti 1932 títí dé 1986 han àwọn èèyàn tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 16 títí dé 86, wọ́n sì rí i pé orin tí èèyàn máa ń fẹ́ràn jù ni èyí tó gbajúmọ̀ nígbà tí onítọ̀hún wà ní nǹkan bí ọdún 23 àbọ̀. Àwọn tó ń tọ́ka sí iye yìí máa ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan ń tì nínú orí èèyàn lọ́jọ́ náà. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni ibi tí ìfẹ́ pọ̀ sí jù. Ìdí tó fi pọ̀ síbẹ̀ ni àwa ń wá. Kí ni ẹni ọdún 23 ní tí ẹni ọgọ́ta ọdún kò ní? Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ orin kan náà, ó ní ibi tó ti ń jó, ó sì ní àkókò. Orin kan lè wà nínú yàrá rẹ̀, nínú mọ́tò, ní ibi àríyá, lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti fi agbára àtúngbọ́ àti àtúnrí hàn ní 1968. Ó fi ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, àmì tí àwọn èèyàn kò lè kà, àti àwòrán ojú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí hàn wọ́n léraléra, èyí tí wọ́n sì rí jù ni ọkàn wọn fà sí jù. Àwọn ilé iṣẹ́ orin kò dúró de Zajonc kí wọ́n tó mọ èyí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fún àwọn atọ́kùn ètò rẹ́díò ní owó ẹ̀yìn ní Amẹ́ríkà, títí ọ̀rọ̀ náà fi dé iwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1959 àti 1960? Wọn kò sanwó kí atọ́kùn yin orin náà. Wọ́n sanwó kó lè máa gbé e sórí afẹ́fẹ́ léraléra, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìfẹ́ máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ti Carol Krumhansl àti Justin Zupnick, tó jáde ní 2013. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n tó ọmọ ogún ọdún gbọ́ orin tó gbajúmọ̀ láti 1955 sí 2009. Bí a ti retí, àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ràn orin ìgbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn tún ga sókè sí orin ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn òbí wọn wà ní ọ̀dọ́, àti sí orin àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú. Wọn kò tíì dáyé nígbà tí orin wọ̀nyẹn jáde. Báwo ni wọ́n ṣe wá fẹ́ràn wọn? Àlàyé tó ṣeé ṣe jù ni pé orin náà ń dún nílé, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́, láti kékeré wọn. Bí ọmọdé bá lè fẹ́ràn orin tó ti wà ṣáájú rẹ̀ nítorí pé ó ń gbọ́ ọ léraléra, kò sí ìdí tí àgbà kò fi lè fẹ́ràn èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe máa ń rí hàn yín. Bàbá kan jókòó, ọmọ rẹ̀ tẹ orin tuntun kan fún un. Kó tó jókòó dáadáa, ohùn ti wọlé. Orin tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń fún un láyè: ohun èlò á kọ́kọ́ dún, á sì ti mọ ibi tó wà kí olórin tó lanu. Hubert Léveillé Gauvin fi hàn ní 2017 pé ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn orin tó gbajúmọ̀ máa ń dún ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ kí ohùn tó wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 2015, ó ti dín kù sí nǹkan bí márùn-ún. Bàbá yìí gbà pé wọ́n já lu òun, kò sì parọ́. Tó bá tún gbọ́ ọ, ó ti mọ̀ pé ohùn ń bọ̀, kò ní ta kìjí mọ́. Á wá gbọ́ pé ohùn kékeré kan wà lẹ́yìn ohùn ńlá, tó ń gbe ọ̀rọ̀ ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Tó bá tún gbọ́ ọ sí i, á ṣàkíyèsí pé gbogbo ìlù dákẹ́ díẹ̀ kí ègbè tó wọlé, àti pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ afunfèrè ń ṣe nínú orin ìgbà tirẹ̀. Ibi tó kọ́kọ́ pè ní òfìfo ni wọ́n fi ọgbọ́n sí jù. Kò sí bí ó ṣe lè gbọ́ èyí nígbà àkọ́kọ́, èmi náà kò lè gbọ́ ọ.

Ibí yìí ni màmá kan ti na ọwọ́ sókè, n kò sì lè sọ pé kí wọ́n dúró. Ohun tí wọ́n sọ rèé: "Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé etí gbogbo wa ṣì pé. Ẹ̀rọ ni mo fi ń gbọ́rọ̀. Orin tuntun, tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ariwo ni. Tí mo bá gbọ́ ọ nígbà ogún, ariwo náà ni. Ti àtijọ́ nìkan ló ń yé mi." Mo pa ìwé tó wà lọ́wọ́ mi dé, nítorí ìbéèrè yìí tóbi ju èyí tí mo fẹ́ kà tẹ̀ lé e lọ.

Òótọ́ ni màmá sọ. Etí ọmọdé lè gbọ́ ìró tó ga dé nǹkan bí 20,000 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìró tó ga jù ló ń kọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn irun tíntìntín tó ń gba ìró nínú etí kì í hù padà tí wọ́n bá ti kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lọ tí àìgbọ́ràn tó le ń bá fínra. Ìró bíi s àti f wà lára ohun tó ń sọnù, ọ̀rọ̀ orin á wá dà bí ẹni tó ń kùn. Kí ló dé tí ti àtijọ́ fi ń yé màmá? Ọpọlọ wọn ti mọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà, ó sì ń dí àlàfo tí etí fi sílẹ̀. Orin tuntun kò ní ohunkóhun nípamọ́ lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n lè fi dí i. Nítorí náà, fún ẹni tí etí rẹ̀ ti rẹ̀, àtúngbọ́ nìkan kò tó. Ojú gbọ́dọ̀ ran etí lọ́wọ́: kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ orin náà, kí wọ́n kà á tán kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa fi ojú bá a lọ bó ṣe ń dún.

Ẹ̀rọ náà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó máa ń gbé ìró tó lọ sílẹ̀ sókè, á sì tẹ èyí tó pariwo mọ́lẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni ẹ̀mí orin. Tí fèrè bá fa ohùn kan gùn, ẹ̀rọ lè rò pé súfèé ara òun ni, á sì fẹ́ pa á. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ló ní ètò ọ̀tọ̀ fún orin, tí ẹni tó ń tọ́jú etí lè ṣí sílẹ̀. Ẹ béèrè fún un, kí ẹ sì mú orin tí ẹ fẹ́ gbọ́ dání lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Inú ń bí mi pé ọ̀pọ̀ àgbà ni kò sí ẹni tó sọ èyí fún, tí wọ́n sì ti gbà pé orin ti kọ àwọn sílẹ̀.

Alága ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà màá sáré lórí ìyókù. Àwọn ìkànnì orin ń gba orin tuntun tó lé ní 100,000 lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ orin ṣe sọ ní 2022, kò sì sí ọ̀dọ́ kankan tó lè bá ìyẹn yí. Ẹ̀rọ tó ń yan orin fún yín ń wo ohun tí ẹ ti gbọ́; tí ẹ bá fún un ní orin àtijọ́ nìkan, òun náà ni á máa dá padà fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé èèyàn sàn ju ẹ̀rọ lọ níbi kí a fi orin tuntun han ẹlòmíràn. John Peel, atọ́kùn ètò rẹ́díò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé orin àwọn ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sáfẹ́fẹ́ lórí BBC láti 1967 títí ó fi kú ní ẹni ọdún 65 ní 2004. Tony Allen onílù, ẹni tí wọ́n bí ní 1940, ń lu ìlù pẹ̀lú Jeff Mills, onítẹ́kínọ̀ (orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe), ní 2018, ó sì ń bá àwọn ọ̀dọ́ olórin ráàpù ṣiṣẹ́ lórí àwo kan nígbà tí ọlọ́jọ́ dé ní 2020.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló béèrè ìbéèrè ìkẹyìn: báwo ni òun ṣe lè mú kí bàbá òun gbọ́ orin tí òun fẹ́ràn? Mo ní kó má fi ogún orin ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan. Kó mú ẹyọ kan, kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní lẹ́tà ńlá, kó jókòó tì wọ́n, kó sì tún un tẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn àti ọjọ́ mìíràn, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Kó má sì bi wọ́n bóyá ó dùn títí wọn yóò fi béèrè orúkọ olórin náà fúnra wọn.