Bí A Ṣe Ń Ṣe Ripọ́ọ̀tù McNair: Ẹni Tó Wọ Grad School Àtẹni Tí Ò Wọ̀ Ọ́

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì níbí ní Amẹ́ríkà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ọ́fíìsì TRIO (àwọn ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé wọn ò lówó lọ́wọ́), ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé báwo la ṣe ń ṣe ripọ́ọ̀tù McNair yìí gan-an, torí náà lónìí mo fẹ́ ṣí ṣíìtì sílẹ̀ ká jọ ṣe é. Orúkọ tẹ́ ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà mi, àfọwọ́dá ni gbogbo ẹ̀ o, èmi kì í gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, Ronald McNair ni ọmọ dúdú tó jáde láti Lake City ní South Carolina, tó gba PhD nínú físíìsì ní MIT lọ́dún 1976, tó wá wà lára àwọn méje tó kú nígbà tí Challenger fọ́ lójú ọ̀run ní January 28, 1986. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ètò yìí. Ọmọ tí òbí ẹ̀ ò gba bachelor's tí owó ò sì sí nílé ló gbọ́dọ̀ kó ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tẹ́ ẹ mú, ẹ máa kọ́ wọn níṣẹ́ ìwádìí, ẹ máa tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n wọ grad school (ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn bachelor's), kí wọ́n sì gba PhD níkẹyìn. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó ẹ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá tún padà lọ du owó míì, máàkì tó lè tó 15 ń bẹ níbẹ̀ fún bẹ́ ẹ ṣe ṣe sí nínú èyí tẹ́ ẹ ti gbà, inú ripọ́ọ̀tù ọdọọdún yìí, APR là ń pè é, ni wọ́n sì ti ń ṣírò ẹ̀. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe ìwé tá a máa fi ọwọ́ òsì kọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Fáìlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá lẹ máa kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe ṣíìtì tuntun. Ìlà kan, ọmọ kan. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló máa dúró síbẹ̀, ẹ wá fi àwọn tuntun kún un nísàlẹ̀. Ẹ má pa ìlà ẹnikẹ́ni rẹ́. Kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, ẹ lọ da ìwé ìlànà tọdún yìí sílẹ̀ kẹ́ ẹ kà á, torí àwọn kóòdù máa ń yí padà, kóòdù tó túmọ̀ sí "a ò mọ̀" lọ́dún kan lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́dún kejì, ẹ má kàn kọ́pì kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́.

Àwọn tuntun yẹn, ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa kí wọ́n tó wọ ṣíìtì. Ọmọ tiwa tí bàbá ẹ̀ ń wa takisí ní Houston àmọ́ tó ti gba B.Sc. ní Ifẹ̀ kó tó wá, tí wọ́n jọ ń gbé, kì í ṣe first-gen (ọmọ tí òbí ẹ̀ ò gba bachelor's) o, bachelor's Ifẹ̀ náà bachelor's ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ nìkan ló ń gbé, tí ìyá yẹn nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ kó tó pé ọdún 18, tí ìyá ò sì ní dígírì, first-gen ni, ibi tí bàbá ti kàwé ò kàn wá. Àwọn tó wà lórí F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè, ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tó gba àkókò jù la dé báyìí. Ẹ wo kọ́lọ́ọ̀mù ọjọ́ tí wọ́n gba bachelor's, mo ti to ó tẹ̀lé ọdún. Ká sọ pé ọmọ 12 ló jáde láàárín ọdún ẹ̀kọ́ 2023-24. Àwọn 12 yìí ló máa wà nísàlẹ̀ nígbà tá a bá ń pín in. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé mélòó nínú wọn ló ti forúkọ sílẹ̀ ní grad school nígbà tó fi máa di fall 2024, ìyẹn fall tó tẹ̀ lé e gan-an. Ẹ kà á pẹ̀lú mi: 7. 7 nínú 12, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣèlérí 60 nínú proposal yín, ẹ ò dé ibẹ̀, ẹyọ ènìyàn kan ló sì dá yín dúró.

Ẹ̀mí á wá máa sọ fún yín pé, ṣebí Folake yìí ò dáhùn ìmeèlì látìgbà tó ti lọ, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò, kó di 7 nínú 11, ó ti lé ní 60 nìyẹn. Rárá o! Bí àjọ ló rí, ẹni tí ò tíì dá owó, orúkọ ẹ̀ ò kúrò nínú ìwé alájọ. Ẹni tẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ ò rí, ẹni tí ò wọlé ni wọ́n máa kà á sí, ó sì ṣì wà lára àwọn 12. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ wá Folake rí, torí ó lè jẹ́ pé ó ti wà ní grad school látọjọ́ yìí.

Ẹ wo Bimpe náà, January 2025 ló wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀ bó ṣe rí, ẹ má fà á wá sẹ́yìn sí August. Kò bọ́ sí ti fall, òótọ́ ni, àmọ́ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fún un láti ọjọ́ bachelor's kó fi gba doctorate, ìyẹn á sì kà nígbà tó bá gbà á. Kunle ní tiẹ̀, ó ní lẹ́tà admission lọ́wọ́ àmọ́ kò lọ. Admission kọ́ là ń kà. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ là ń kà.

Bá a ṣe wá ń wá wọn nìyí. Ẹ ṣí StudentTracker ti National Student Clearinghouse, ibi tí wọ́n ti ń wo ilé ìwé tí ọmọ ti forúkọ sílẹ̀, ilé ìwé yín á ti ní àkáǹtì, ẹ lọ bá registrar. Ìlà àkọ́kọ́ fáìlì orúkọ tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀, H1 ló máa wà níwájú ẹ̀, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan D1, ti ìparí T1. Ẹ yan SE (Subsequent Enrollment), torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jáde la fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ náà, ọdún ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ oṣù, lẹ́yìn ẹ̀ ọjọ́, láìsí ìlà kankan láàárín, bíi 20240515.

Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń bá ọmọ mu, ibẹ̀ ni wàhálà àwọn orúkọ tiwa wà. Ọmọ tí ìwé registrar pè ní Oluwaseun Adebayo, tẹ́ ẹ wá tẹ Seun Adebayo, tàbí tẹ́ ẹ tẹ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ nítorí pé ẹ nífẹ̀ẹ́ èdè yín, ó lè má jáde. Tàbí ó ti lọ́kọ, ó ti di Adebayo-Johnson. Èmi máa ń fi orúkọ àbísọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n tún fi ti ilé ọkọ ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn míì wà tí wọ́n ní kí ilé ìwé má gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn síta, àwọn yẹn náà ò ní hàn. Ẹni tó lọ ka PhD ní Manchester tàbí Toronto ńkọ́? Ẹ má retí ẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i kó fi lẹ́tà ilé ìwé ẹ̀ ránṣẹ́. LinkedIn dáa láti fi mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n mi ò kà á sí ẹ̀rí. Fún àwọn tó ti gba PhD, ẹ wá dissertation wọn ní ProQuest tàbí ní láíbìrì yunifásítì náà, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́.

Kẹ́ ẹ tó gbé ripọ́ọ̀tù APR náà sókè sórí ìkànnì ìjọba, Excel yìí, ọ̀tá ni. Ẹ wo nọ́ńbà Social Security yìí, 0 ló fi bẹ̀rẹ̀, Excel ti gbé 0 náà mì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ti di mẹ́jọ. Ẹ yí kọ́lọ́ọ̀mù náà sí Text kẹ́ ẹ tó kó dátà sí i, tó bá ti lọ tán Text ò ní dá a padà. Ẹ má sì fi fáìlì yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ gbé e sókè, á to error sílẹ̀ fún yín, ẹ tún un ṣe lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá tó lẹ́tọ̀ọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú kọ́pì àti ẹ̀rí ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú fódà kan, ọdún mẹ́ta ó kéré tán, torí wọ́n lè wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ń jáde ní May yìí, ẹ gba ìmeèlì tara wọn àti nọ́ńbà màmá wọn báyìí, ìmeèlì ilé ìwé lè má pẹ́ kú. Nọ́ńbà màmá yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù, ọmọ lè yí fóònù padà lẹ́ẹ̀mẹta, màmá Yorùbá ò ní yí tiẹ̀, ó sì máa sọ ibi tí ọmọ ẹ̀ ti ń ka PhD fún yín kẹ́ ẹ tó béèrè.