Ẹ̀ṣọ́ Ara Aboyún Kò Sùn

Àwọn tó ti gbọ́ mi rí mọ ibi tí mò ń lọ: oyún kì í mú ẹ̀ṣọ́ ara obìnrin, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn àti àjèjì jà, sùn lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó lápá òsì yẹn ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ náà ń sùn. A ti fà á títí, a ó tún fà á lónìí.

Bí a bá gé awọ lára ọkọ, tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyàwó lára, ara ìyàwó á kọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí kan náà ni ìdajì àbùdá ọmọ inú oyún ti wá, síbẹ̀ ó ń lo oṣù mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó lé e. Peter Medawar, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀ṣọ́ ara, ló sọ èyí di ìbéèrè lọ́dún 1953. Ó dá ìdáhùn mẹ́ta lábàá: bóyá ibi ọmọ ló pààlà sáàárín wọn, bóyá ọmọ ò tíì gbó tó ohun tí ẹ̀ṣọ́ lè dá mọ̀, tàbí bóyá ẹ̀ṣọ́ ìyá ló tòògbé. Ọ̀gá ni, ó gba Nobel lọ́dún 1960, n kò ní rí i fín. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kẹta yẹn ti kú. Aboyún ṣì ń kọ awọ tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ń pèsè IgG tí ara fi ń gbógun ti àrùn, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọmọ gba inú ibi. Ta ló ń kó ohun ìjà ránṣẹ́ lójú oorun?

Ẹ wo inú ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nǹkan bí 70 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ NK, ìyẹn "natural killer", ọ̀kan lára ẹ̀ṣọ́ ara. Apani ni orúkọ wọn túmọ̀ sí! Apani yí ọmọ ká, iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n sì ń ṣe: wọ́n ń bá ibi ọmọ la òpó ẹ̀jẹ̀ ìyá kó fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá lè dé ibi ọmọ dáadáa. Bí òpó yẹn ò bá fẹ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè tẹ̀lé e. Sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ fi HLA-A àti HLA-B, àmì tí ẹ̀ṣọ́ fi ń dá àjèjì mọ̀, pamọ́, ó gbé HLA-G síta, NK rí i, ó dẹwọ́. HLA-C ti bàbá wà níbẹ̀ gbangba, NK rí ìyẹn náà. Ṣé ẹni tó ń sùn ló ń ríran báyìí?

Alága ti ń na aago sí mi. Treg, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń pẹ̀tù sí ẹ̀ṣọ́ yòókù nínú, ẹ ti mọ̀ wọ́n: bí a bá yọ wọ́n kúrò lára eku, oyún tí àbùdá bàbá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá ń bàjẹ́. Influenza máa ń dá aboyún wólẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, n kò sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ò sùn, iṣẹ́ wọn ló yí padà.

Ibẹ̀ ni arábìnrin kan ti dìde lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ̀ṣọ́ bá mọ ọmọ tó báyìí, kí ló dé tí Rh ń pa ọmọ kejì?"

Ó fi ìbéèrè kan fa ojú ìwé mẹ́ta mi ya. Ìyá tí kò ní Rh, àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, bí ọmọ tó ní in. Níbi ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọ inú tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ọmọ àkọ́kọ́ sábà máa ń yè. Nígbà tí oyún kejì dé, IgG tó ń dáàbò bo ọmọ ló di ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ anti-D, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, la fi ń ṣáájú wọn: a máa ń gún un nígbà oyún, a sì tún ń gún un láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ, kí ẹ̀ṣọ́ ìyá tó kọ́ ìjà náà.

"Nítorí náà," ni arábìnrin náà wí, "wọ́n máa ń rántí."

Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ mi lápá òsì. Aago ni òun náà ń wò.