Ta Ló Ni Òkè Tí Ẹ̀ Ń Gùn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìrìn ẹsẹ̀ ní Kerry

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará Dublin. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìsinmi tí èèyàn fi ń tẹ̀lé amọ̀nà rìn láàárín òkè àti etíkun ní Kerry, ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Ireland. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ: ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ni.

Àwọn kan wà níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n máa ń bi mí pé kí lèèyàn ń sanwó amọ̀nà fún nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́. Fóònù mọ ọ̀nà lóòótọ́. Kò mọ onílẹ̀. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn lórí ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ, bí wọ́n bá ṣáà ti hùwà ọmọlúàbí níbẹ̀. Ireland ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Carrauntoohil, òkè tó ga jù ní erékùṣù yìí, ilẹ̀ oní-ǹkan ni. Àgùntàn àwọn àgbẹ̀ ló ń jẹko lára rẹ̀, ojúrere wọn la sì ń jẹ tá a bá ń gùn ún.

Ẹ wo Kerry Way, ọ̀nà tó gbéra ní Killarney, tó yí ká fún ohun tó lé ní igba kìlómítà, tó tún padà sí Killarney. Oko olóko ló gba kọjá níbi púpọ̀. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ti ń fún àwọn àgbẹ̀ kan lówó kí wọ́n máa tún irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe owó ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda ṣì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì lè gbà á padà. Nígbà tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ẹran bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2001, wọ́n ní kí gbogbo arìnkè jókòó sílé wọn.

Ẹ wá wo amọ̀nà gidi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ dé ibi òpó dúdú kan tó ń júwe ọ̀nà, wọ́n ya àwòrán ẹni tó ń rìn sí i lára ní àwọ̀ ìyeyè. Wáyà wà níwájú, àtẹ̀gùn onígi kékeré wà lórí rẹ̀, wọ́n kan bébà mọ́ ọn pé àwọn ò fẹ́ ajá. Níbi tó bá jẹ́ géètì ni, amọ̀nà á dúró, á ka àwọn èèyàn rẹ̀, ẹni tó kẹ́yìn ló máa tì í. Bí wọ́n bá bá a ní ṣíṣí, wọ́n á fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àgbẹ̀ kan ń bọ̀ lórí katakata. Amọ̀nà á kí i, á bi í léèrè àwọn ọmọ àgùntàn tọdún yìí. Ìkíni yẹn gan-an lẹ sanwó fún!

Ẹlòmíì á ní Carrauntoohil tí kò ju 1,038 mítà lọ, ṣé òkè nìyẹn? Kó lọ gùn ún. Ibi tí wọ́n ń pè ní Devil's Ladder lára rẹ̀, òkúta ibẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kùrukùru sì lè bo gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú omi mu. Amọ̀nà tó lè sọ pé "à ń padà" nígbà tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé orí òkè, ẹ má bínú sí i. Àwọn tó ń wá gbé èèyàn lórí òkè tẹ́ ẹ bá pe 112, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Ibi tí mo bá a dé nìyí tí Màmá kan fi nawọ́ sókè: "Ọmọ mi, òkè lo ń sọ, àgùntàn lo ń sọ. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ńkọ́, níbo ni wọ́n lọ?"

Ẹ ṣé, Mà. Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé.

Ẹ lọ sí Slea Head, ní etíkun Kerry, nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá dá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dáko mọ́, ẹ máa rí ìlà gígùn-gígùn tó sùn ti ara wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ò ní béèrè ohun tó jẹ́: ebè ni. Pòtétò ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Lọ́dún 1845 àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ rà nínú ilẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wọkọ̀ ojú omi lọ. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ló wà ní erékùṣù yìí lọ́dún 1841. Títí dòní wọn ò tíì pé iye yẹn padà. Oúnjẹ mìíràn ń jáde ní èbúté o, torí owó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tí kò bá rí i san, wọ́n á lé e, wọ́n á sì wó ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ìgbà náà ò tiẹ̀ gbé níbẹ̀. Ìgbà tí òfin ilẹ̀ bíi èyí tí wọ́n ń pè ní ti Wyndham, lọ́dún 1903, yá àwọn àgbẹ̀ lówó ni púpọ̀ nínú wọn tó ra ilẹ̀ tí baba wọn ti ń ro. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ọmọ-ọmọ wọn fi ń ṣọ́ géètì bẹ́ẹ̀? Àwa tá a mọ ẹjọ́ ilẹ̀, ó yẹ kó tètè yé wa.

Láti Dún Chaoin, abúlé kan nítòsí ibẹ̀, ẹ lè wo erékùṣù Great Blasket lókèèrè, àwọn ilé tí kò lórùlé. Lọ́dún 1953 ni ìjọba kó àwọn tó kù níbẹ̀ kúrò.

Alága ti ń fi aago hàn mí, ẹ jẹ́ kí n sáré. Òkè Brandon: 952 mítà, òkè àdúrà ni, orúkọ Brendan mímọ́ ló ń jẹ́. Gallarus: ilé àdúrà olókùúta, wọn ò fi amọ̀ mọ ọ́n, kò sì jò. Oṣù: May tàbí June. Bàtà: ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nílé kó mọ ẹsẹ̀ yín. Ẹ fi agboòrùn sílẹ̀, atẹ́gùn á gbà á. Ẹ̀wù òjò ni kẹ́ ẹ rà. Jíìnsì, rárá. Báàgì ńlá á tẹ̀lé mọ́tò lọ sí ilé tẹ́ ẹ máa sùn.

Ẹni tó béèrè iye tí àwọn tó ń ṣètò ìrìn yìí ń gbà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá amọ̀nà wọn ní ìwé ẹ̀rí Mountain Leader, ti àwọn tó ń kó èèyàn gun òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi wọ́n pé ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ wo lẹ máa gbà kọjá. Bí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ẹ pe ẹlòmíì.