Owó Ń Bẹ Lórí Ìgò Òfìfo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ pàǹtí tí à ń dà nù ló wà lọ́kàn mi lónìí, nítorí inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí ọmọ Yorùbá, pàápàá àwa tá a wà lókè òkun, ń sọ pé ìwà ọ̀bùn ló ń bá wa jà, pé òyìnbó ló mọ ìmọ́tótó. Mi ò gbà.

Ẹ wo Wales yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kó dànù nílé, èyí tí wọ́n ń tún lò kò tó 10 nínú 100. Lónìí, ó ti lé ní 65. Ṣé wọ́n tún wọn bí ni? Ìjọba ló gbé òfin kalẹ̀, tó sọ iye tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé. Ní October 2011, wọ́n ní kí ẹni tó bá gba ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù san pẹ́nsì 5. England ò ṣe tirẹ̀ títí di 2015. Nínú kíṣìnì mi, garawa kékeré kan wà fún eépo iṣu, egungun àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá kó o, wọ́n á lọ jẹ́ kó jẹrà nínú àgbá tí a dé pa, gáàsì tó bá ti inú ẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná.

Jámánì ló wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Láti 2003 ni wọ́n ti ń fi sẹ́ǹtì 25 lé orí ike omi àti agolo ọtí. O mu ún tán, o gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ gbà á, o gba owó rẹ. Ẹni tí kò bá sì ráyè á gbé ike náà kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdalẹ̀sí, kí ẹni tó ń wá owó oúnjẹ lè mú un láìki ọwọ́ bọ ìdọ̀tí. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Àmọ́ kò ṣàjèjì sí mi. Ìyá mi ta mínírà ní Òṣogbo. Bí o ò bá mú ìgò wá, wàá fi owó ìgò sílẹ̀ kó o tó gbé Fanta kúrò ní ìsọ̀. Ìyá mi gan-an, bí kò bá ní ìgò òfìfo nínú kéréètì, wọn ò ní tà fún un ní dípò tó ti ń ra ọjà. Bí òde àríyá bá parí, àwa ọmọdé la máa ń wá ìgò káàkiri abẹ́ tábìlì. Ta ló rí ìgò mínírà nínú gọ́tà nígbà náà? Ìgbà tí ike dé, tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dé, tí ẹnikẹ́ni ò fi owó kankan lé wọn lórí, ni gọ́tà kún. Àwa kan náà ni o!

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ń ṣa ike, irin àti páálí lórí ààtàn Olúṣosùn ní Ọjọ́ta. Iṣẹ́ tí Wales ń fi òfin àti owó orí ṣe, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, nínú èéfín, àwa sì ń di imú kọjá lára wọn. Láti 2012 ni Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀, ti ń wọn ike àti agolo lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò l'Ékòó, tí wọ́n sì ń fún wọn ní nǹkan dípò rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kó o wá. Kí ló dé tí wọn ò ní kó o wá?

Èkó ti fi òfin de ike fóòmù, sítúrọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹni tí mo lè bẹ̀ ní Aláùsá, ohun tí mo máa bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí wọ́n fi owó lé ike lórí bíi ti Jámánì: kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rọ omi àti mínírà sínú rẹ̀ máa gbà á padà, bí wọ́n ṣe gba ìgò lọ́wọ́ ìyá mi, kí àwọn tó ń ṣà á l'Ọ́jọ́ta sì wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ sanwó fún.

Ó dàbọ̀ o. Ẹ bá mi kí ará ilé.